Ẹ̀ẹ̀mejì Lójúmọ́ ní Òpópónà Alátùnṣe Aago

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi Tíṣà léèrè ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín, torí ó mọ̀ pé ìdáhùn òun ò ní í tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ọgbà òdòdó ni wọ́n máa ń retí, tàbí ibi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, tàbí kó kúkú jẹ́ abẹ́ òrùlé ẹlòmíì lọ́jọ́ òjò. Òun á ní, "Ní oríta kan ni. Orí pátákó sì ni oríta náà wà."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ó máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìṣirò nínú yàrá kan lókè ilé ìkàwé. Kì í ṣe ìṣirò tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé o. Ìṣirò tí a fi ń ṣe ìpinnu ni. Bí ilé búrẹ́dì bá ní ìyẹ̀fun báyìí àti ààrò kan ṣoṣo, mélòó ni kí wọ́n ṣe nínú búrẹ́dì ńlá, mélòó nínú kékeré? Bí iṣẹ́ mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, èwo ni kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, èwo la lè fi sílẹ̀ di ọ̀la? Báwo lèèyàn ṣe lè rin gbogbo òpópónà àdúgbò kan, kó padà síbi tó ti gbéra, kó má sì fẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò? Nọ́ọ̀sì méjì wà nínú kíláàsì náà, ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, awakọ̀ kan tó máa ń sùn tí ó bá ti di aago márùn-ún, àti ọkùnrin gíga kan tó ń pín lẹ́tà. Alápò ni gbogbo wọn ń pè é, torí kò sí ibi tí kì í gbé àpò rẹ̀ dé.

Ọjọ́ tí Tíṣà ya àwòrán òpópónà sórí pátákó, Alápò nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ya àwòrán yìí, ṣé ó ti pín lẹ́tà rí?"

"Inú ìwé la ti mú un."

"Ó hàn. Bí òpópónà bá fẹ̀, ẹ ò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Apá ọ̀tún lẹ ó kọ́kọ́ pín, ẹ ó wá padà gba apá òsì. Àyàfi tó bá tóóró, tẹ́ ẹ lè máa yà síbí, yà sọ́hùn-ún. Ẹni yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá á ti bù ú jẹ kó tó dé àárín."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ sì jí. Tíṣà wo pátákó, ó wo ọkùnrin náà. Ó yẹ kó bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá sì sọ òótọ́ nípa ìṣirò kì í bí i nínú.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ mú tiyín wá lọ́jọ́bọ̀."

Alápò mú un wá lóòótọ́. Ọ̀nà keje ni wọ́n ń pe àdúgbò tí ó ń pín. Ó ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìdìpọ̀ kan, pẹ̀lú afárá, pẹ̀lú ilé ajá méjèèjì. Bí wọ́n ṣe fi lé e lọ́wọ́ ló ṣe ń rìn ín: ẹni tó pín in ṣáájú rẹ̀ rìn ín bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣáájú onítọ̀hún náà rìn ín bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ là á.

Ohun tó kù ni pé kí wọ́n mọ gígùn òpópónà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi bá a rìn láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin. Alápò á máa ka ìṣísẹ̀, Tíṣà á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣètò rẹ̀, kò sì lọ bẹ́ẹ̀. Bí Alápò bá ti dé orí igba ìṣísẹ̀, á rántí obìnrin kan nínú ilé kan tó máa ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò sì lè kà á, tí òun sì máa ń dúró kà á fún un lẹ́nu ọ̀nà. Á sọ ọ́ tán, wọ́n á wo ara wọn, òǹkà á ti pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka òpópónà ilé ìkàwé kí wọ́n tó rí i mú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta, Tíṣà mọ̀ pé òun náà ti ka òǹkà náà dáadáa, òun kàn dákẹ́ ni, kí wọ́n lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ò le. Bí ọ̀nà mẹ́rin bá pàdé ní oríta kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tí o bá gbà wọlé ní òmíràn tí o máa gbà jáde. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ó di dandan kí o tún ọ̀kan rìn. Oríta mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà keje: ti ilé ìwòsàn, ti afárá, ti ilé ìkàwé, àti ti pápá. A ó so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà mẹ́ta péré la sì lè gbà so wọ́n. Èyí tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá kéré jù ni ká mú. Nígbà tí wọ́n rò ó tán, wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n ti ń rìn láti ọdún gbọọrọ kọ́ ló kéré jù. Èyí tí wọ́n ń rìn gba òpópónà alátùnṣe aago lẹ́ẹ̀mejì, láìnídìí kankan. Tí wọ́n bá so oríta wọ̀nyẹn bó ṣe yẹ, ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà máa jèrè lójúmọ́.

Àwọn méjèèjì nìkan ló kù sí kíláàsì. Tíṣà ń nu pátákó.

"Tíṣà, kí wá ni kí n fi ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ ṣe?"

"O lè máa tètè délé."

Kò tíì pè é ní "o" rí. Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jáde lẹ́nu, ó sì ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ lórí pátákó.

"Mi ò fẹ́ tètè délé," ni Alápò wí. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ló rọ̀ ọ́ pé kó kọ ìṣirò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sì bá a tún ìwé náà kọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ilé ìfìwéránṣẹ́ gbà á wọlé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà sì máa ń gba ìwé ìròyìn yẹn.

Bàbá Tíṣà wà lára wọn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà pípín, ó sì parí rẹ̀ sórí àga ọ̀gá. Ọ̀gá Lẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé náà láti ìgbà tí ìyá Tíṣà ti kú, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í jẹ gbèsè ìkíni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn náà dé, Tíṣà rí i pé ó kà á lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì jókòó lé e. Tíṣà rò pé afẹ́fẹ́ ni kò fẹ́ kó gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Alápò wá fojú han bàbá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi àpò sílé. Ó kí Ọ̀gá Lẹ́tà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì jókòó sétí àga.

"Ṣé ìwọ lo tún ọ̀nà keje ṣe?" ni bàbá bi í.

Inú Alápò dùn, ó rò pé ìyìn ló ń bọ̀. "Èmi ni, sà. Ọmọ yín ló kọ́ mi."

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan púpọ̀, sà. Ẹni tó là á ló ṣèèṣì gba òpópónà alátùnṣe aago lẹ́ẹ̀mejì. Kò nídìí."

"Kò nídìí."

"Kò nídìí, sà. A ti fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò."

"O bi ẹni tó là á?"

Alápò rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún, sà. Ta la fẹ́ bi?"

"Èmi," ni Ọ̀gá Lẹ́tà wí. "Èmi ni mo là á."

Bàbá dìde nílẹ̀, kò gbóhùn sókè rárá, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù.

"Mi ò bínú sí ìṣirò. Ẹni tó bá lè wo iṣẹ́ ẹlòmíì, kó ní àṣìṣe ni, kó má wádìí ẹni tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe nílé ara ẹ̀. Ìyàwó á ṣe nǹkan, á ní kò nídìí. Mi ò lè fi ọmọ mi fún un. Ó dàárọ̀ o."

Aago mẹ́rin ọ̀sán ni.

Tíṣà tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọ yàrá. "Bàbá mi, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀bi tiẹ̀ nìkan kọ́."

"Mo mọ̀. Ìwọ, ọmọ mi ni ẹ́, mi ò lè kọ̀ ẹ́. Òun ni mo lè kọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbà á lẹ́ẹ̀mejì?"

Bàbá yí ojú sí fèrèsé. "O ti gbọ́ pé kò nídìí," ó ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí Alápò wá sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan sí ibi tí wọ́n wà, kó wá tún gbogbo ọ̀nà tibẹ̀ là. Wọ́n fún un ní oṣù kan láti fèsì. Ó mú lẹ́tà náà wá sí kíláàsì, ó gbé e síwájú Tíṣà.

"Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní í lọ."

"Bí o ò bá lọ, á dùn ẹ́ títí ayé."

"Bí mo bá sì lọ láìmú ẹ dání ńkọ́?"

Tíṣà ká lẹ́tà náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó mọ ohun tí ọkàn òun fẹ́. Ó tún mọ̀ pé òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú nínú ilé òfìfo, kí òun sì máa pe ìyẹn ní ayọ̀. Nílé, ó tiẹ̀ gbìyànjú láti fi ìṣirò ṣe é. Ó kọ ohun tó lè jèrè sí apá kan, ó kọ ohun tó lè pàdánù sí apá kejì, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó rò ó, ìdáhùn ní kó lọ. Ó yí ìwọ̀n kan padà díẹ̀, ìdáhùn ní kó dúró. Ó fa ìwé náà ya. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì sun ún dáadáa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù náà pé, ó gbọ̀nà ilé Àǹtí Aránṣọ lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Aránṣọ, obìnrin tí kì í yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu bó bá ń sọ̀rọ̀. Tíṣà fẹ́ rán an sí bàbá rẹ̀ ni. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí pátákó títí dé orí "ó dàárọ̀".

Nígbà tó dé ibi òpópónà alátùnṣe aago, Àǹtí dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́?"

"Àwa ni, Àǹtí."

"Ilé wo ló wà ní nọ́ńbà kẹrìnlá níbẹ̀?"

"Kò sílé níbẹ̀, Àǹtí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni."

"Kí wọ́n tó wó o, ilé wa ni. Ibẹ̀ lèmi àti ìyá rẹ dàgbà sí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣomi. "Aago mẹ́sàn-án, bàbá rẹ á yọ, á já lẹ́tà sílẹ̀, á ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o.' Aago mọ́kànlá, á tún yọ. Kò sí lẹ́tà kankan lọ́wọ́ ẹ̀ fún wa. Á tún ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o.' Ìyá àwa á ní, 'Ṣé kì í ṣe pé orí ọmọkùnrin yìí ò pé? Àbí kò mọ̀nà ni?' Ìyá rẹ á sá wọ ilé ìdáná lọ fi etí ìró bo ẹnu. Ó tó ọdún kan gbáko kó tó sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun fi ọ̀nà ìjọba wá ìyàwó? Bàbá rẹ tí kì í mú okùn ìdìwé ilé-iṣẹ́ délé." Àǹtí nu ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ohun kan ń tu òun nínú. Ó ní ẹnì kan ṣì ń gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bí onítọ̀hún ò tiẹ̀ mọ ìdí."

"Ẹ bá mi lọ bẹ̀ wọ́n, Àǹtí."

"Mi ò lọ. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni bàbá rẹ ń fẹ́. Lọ ronú sí i."

Gbogbo ojú ọ̀nà ni Tíṣà fi ń bá ara rẹ̀ wí. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń tẹnu mọ́ fún kíláàsì ni pé kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá. Ṣé èyí tó kéré jù ni, àbí èyí tó pọ̀ jù? Kí ló kéré? Kí ló pọ̀? Ẹni tó ń wá ọ̀nà tó kúrú àti ẹni tó ń wá ojú ọmọbìnrin kan, ìṣirò wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Òun tó jẹ́ olùkọ́ gan-an ló gbàgbé láti béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ ọ̀nà keje. Ó kọ ọ́ sókè ìwé: iye ìgbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà gba iwájú nọ́ńbà kẹrìnlá kọjá, kó pọ̀ tó bó bá ṣe lè pọ̀ tó. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ààlà tí kò gbọdọ̀ rékọjá: gbogbo òpópónà gbọ́dọ̀ rí lẹ́tà gbà, ó sì gbọ́dọ̀ padà dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní aago méjìlá ọ̀sán. Ó rò ó títí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé náà lọ bá bàbá rẹ̀ níwájú ilé.

"Bàbá mi, mo tún ọ̀nà keje rò."

"Ó tún kúrú sí i?"

"Rárá, sà. Tẹ́lẹ̀, mo béèrè ohun tí ẹ̀yin ò béèrè. Nínú èyí ni mo wá béèrè ohun tí ẹ ń wá." Ó na ìka sí ìlà òkè. Bàbá kà á. "Ọ̀nà tí ẹ là ni mo bá. Kò sí èyí tó dáa jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdáhùn. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, aago méjìlá á kọjá lórí ẹ̀."

"Pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni bàbá wí.

"Sà?"

"Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹta rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ọ̀gá wa kọ̀wé sí mi pé kí n ṣàlàyé ibi tí mo ń yà sí. Ìwé ìbáwí kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyẹn." Ó fi ọwọ́ bo ojú. Tíṣà ò tíì rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ń pè mí ní Ẹ-kú-àárọ̀," ni bàbá wá wí. "Ìyá rẹ. Kó tó mọ orúkọ mi."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó wá."

Alápò dé lọ́jọ́ kejì, kò sì jókòó. Tíṣà ti ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì sùn dáadáa.

"Sà, mo wá tọrọ àforíjì. Ó yẹ kí n ti wádìí. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá ọ̀nà keje padà sí bó ṣe wà." Ó fa ìwé náà yọ lápò.

Ọ̀gá Lẹ́tà gba ìwé náà, ó kà á tán, ó dá a padà fún un. "Má fi ránṣẹ́. Ẹni tó máa gba ibẹ̀ lẹ́yìn tí o bá lọ, kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Jẹ́ kó máa tètè délé."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mi ò tíì parí. Ọ̀nà keje lo ṣì ń pín?"

"Òun ni, sà."

"Kò gba àdúgbò wa."

"Kò gbà á, sà."

"Kí ló wá dé tí mo fi ń rí ẹ níwájú ilé yìí ní gbogbo ọ̀sán, láti ọjọ́ tí mo ti lé ẹ lọ? Àpò rẹ á ti ṣófo. O ò ní í wo ọ̀tún, o ò ní í wo òsì."

Tíṣà yíjú sí Alápò. Kò mọ̀ rárá. Kíláàsì mìíràn ló máa ń kọ́ lásìkò yẹn. Alápò wo ilẹ̀.

"Ibí ló yá jù láti gbà dé ilé wa, sà."

"Níbo lò ń gbé?"

"Lẹ́yìn pápá, sà."

Ọ̀gá Lẹ́tà, ẹni tó mọ gbogbo òpópónà ìlú náà bó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀, di ojú méjèèjì. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń ka nǹkan kan. Nígbà tó lajú, ó ní, "Irọ́ lo pa. Ẹgbẹ̀fà ìṣísẹ̀ ló fi jìn jù."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó wo ọkùnrin gíga tó dúró síwájú rẹ̀. Ó wá dìde lórí àga tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó lé, ó sì ní kí Alápò jókòó, torí ó dájú pé ó ti rẹ̀ ẹ́.